Ìtọ́sọ́nà fún mímú afẹ́fẹ́ pálọ̀ mọ́ nígbà tí èrò bá pọ̀ nínú rẹ̀

Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa máa ń pàdé nínú pálọ̀ ọ̀kan nínú wa ní Kubwa, nítòsí Àbújá. Pálọ̀ náà gùn tó mítà márùn-ún, ó fẹ̀ tó mítà mẹ́rin, àjà rẹ̀ sì ga tó mítà mẹ́ta. Nǹkan bí ogún ènìyàn ló máa ń jókòó sínú rẹ̀ fún wákàtí méjì: a ó kọrin, a ó gbàdúrà, a ó ṣírò owó àjọ, a ó jiyàn díẹ̀, a ó sì jẹun. Tí ọyẹ́ bá mú ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, a ó ti gbogbo fèrèsé nítorí eruku. Tí ooru bá dé ní oṣù Ẹrẹ̀nà, a ó tún tì wọ́n kí òtútù AC má baà jáde. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé afẹ́fẹ́ tí ẹnì kan mí jáde ni ẹni tó jókòó tì í ń fà símú, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé títí dé ìparí.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé ní Kubwa, Nyanya, Lugbe, Kaduna tàbí Sabon Gari ní Kano ni irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ ti di ilé ìjọsìn, ilé kéwú tàbí gbọ̀ngán ìpàdé fún. Owó tí à ń ná sórí oògùn apakòkòrò tí a fi ń nu ọwọ́ ilẹ̀kùn pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ibi tí afẹ́fẹ́ yàrá náà ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé lórí.

Ohun tó ń ti ara wa bọ́ sínú afẹ́fẹ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń gbà wá. Èkíní ni imú àti ẹnu. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí nǹkan bí lítà mẹ́fà sí mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú kan, bí èémí náà sì ti ń jáde ni ó ń gbé èérún omi wíńníwínní dání láti inú ẹ̀dọ̀fóró àti ọ̀fun, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Ọ̀rọ̀ sísọ ń mú un pọ̀ sí i, igbe àti orin kíkọ ń mú un pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ikọ́ àti sísín sì ń tú u jáde lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èkejì ni ìpẹ́ ara. Awọ òkè ara ènìyàn ń pààrọ̀ láàárín nǹkan bí oṣù kan, èyí tó ti kú sì ń bọ́ dànù pẹ̀lú àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti lo ìgbà ọyẹ́ kan péré ní ilẹ̀ Hausa ti rí i rí: ẹ bọ́ ṣòkòtò dúdú lálẹ́, ẹ yí i síta, ẹ gbọ̀n ọ́n níwájú iná tọ́ọ̀ṣì, ẹ ó sì rí èérún funfun tí yóò máa fò yí ìmọ́lẹ̀ náà ká, tí yóò sì pẹ́ kó tó balẹ̀. Àwọn tó tóbi nìyẹn o. Àwọn tó kéré jù wọ́n lọ kò ṣeé rí.

Ẹ̀kẹta ni ohun tó ti balẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹsẹ̀ wa tún rú sókè. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn kan bá wà nínú yàrá náà, nǹkan bí mílíọ̀nù 37 ẹ̀dà àbùdá bakitéríà (ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n iye bakitéríà) ni ó ń kún afẹ́fẹ́ níbẹ̀ láàárín wákàtí kan, àti pé eruku ilẹ̀ tí ìrìn ẹsẹ̀ ń rú sókè kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Kí èyí má ṣe dẹ́rù bà yín: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Ìwọ̀nba tó ń fa àrùn ni à ń ṣọ́, a kò sì lè fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, nítorí náà gbogbo rẹ̀ ni à ń lé jáde pọ̀.

Bí èérún kan ṣe tóbi tó ló ń pinnu bí yóò ṣe pẹ́ tó lókè. Bí ẹ bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní máíkírọ́ọ̀nù. Ẹ̀kán itọ́ tó tó 100 máíkírọ́ọ̀nù, tó nípọn ju irun orí lọ díẹ̀, yóò balẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Èyí tó jẹ́ 10 yóò lo nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ láti ibi ẹnu ẹni tó dúró, èyí tó jẹ́ 5 yóò lo nǹkan bí ìdajì wákàtí, èyí tó jẹ́ 1 sì lè lò ju wákàtí mẹ́wàá lọ kódà bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ rọ́rọ́, afẹ́fẹ́ yàrá tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. William Wells, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní ọdún 1934 pé ọ̀pọ̀ ẹ̀kán kékeré ń gbẹ kó tó balẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ a sì máa fò kiri bí èéfín. Nígbà tó di ìparí àwọn ọdún 1950, òun àti dókítà Richard Riley fi ọ̀pá fa afẹ́fẹ́ wọ́ọ̀dù àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà lọ sínú àgò àwọn ẹranko kékeré tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò. Àwọn ẹranko náà kò fojú kan aláìsàn kankan, síbẹ̀ lára wọn kó ikọ́ ẹ̀gbẹ, nítorí afẹ́fẹ́ yẹn nìkan ni wọ́n jọ ń mí. Kòkòrò èéyi náà lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún wákàtí méjì lẹ́yìn tí ọmọ tó ní in ti jáde lọ.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ ṣírò ohun tí yàrá náà nílò

Ẹ fi ìbú yàrá sọ gígùn rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ tún fi gíga rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Pálọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò jẹ́ 60 kúbíkì mítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá ní ọdún 2021 pé, níbi tí kì í bá ṣe ilé gbígbé, ó kéré tán, kí lítà 10 afẹ́fẹ́ tuntun máa wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Fún ogún ènìyàn, ìyẹn jẹ́ lítà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí 720 kúbíkì mítà ní wákàtí kan. Bí ẹ bá pín 720 sí 60, ẹ ó rí i pé gbogbo afẹ́fẹ́ pálọ̀ náà gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ní ìgbà 12 láàárín wákàtí kan, ìyẹn ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Yàrá kan ṣoṣo tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí ènìyàn mẹ́wàá jókòó sí, yóò nílò nǹkan bí ìgbà mẹ́sàn-án. Ìlẹ̀kùn tí a ṣí gbàǹgà fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí àlejò ń wọlé kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tan tùràrí, kí ẹ wo ibi tí èéfín ń lọ

Kò sí ohun tó rọrùn tó èyí, òun ló sì yí èrò mi padà. Ní ọjọ́ tí pálọ̀ ṣófo, mo ra tùràrí lọ́wọ́ obìnrin Hausa tó ń tà á lẹ́bàá ọjà, mo gbé ẹyọ kan tó ń rú díẹ̀ sínú àwo amọ̀, mo sì gbé e sí àárín yàrá. Fèrèsé méjì ló wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n sì jọ wà. Mo ṣí àwọn méjèèjì. Èéfín náà gòkè tààrà, ó kan àjà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ, ó sì dúró síbẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lódì kejì, èéfín náà sì tẹ̀, ó wọ́ lọ sí ọ̀nà ilẹ̀kùn, ó sì tán lójú mi láìpẹ́.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tiyín. Bí ikọ́ fée (asthma) bá ń yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú ilé, ẹ má lo èéfín. Ẹ so tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ òwú, kí ẹ gbé e dání níwájú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, yóò fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń wọlé àti ibi tó ń jáde hàn yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: fèrèsé wo ló ń fà wọlé, èwo ló ń tú jáde, igun wo ni kò sí ohun tó ń mì níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ méjì, kí ẹ sì fọ nẹ́ẹ̀tì

Afẹ́fẹ́ kì í wọ ibi tí kò ti rí ọ̀nà jáde. Fèrèsé kan ní ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé mìíràn ní òdì kejì sàn ju fèrèsé mẹ́ta tó tò sí ara ògiri kan lọ. Bí ilé yín bá jẹ́ oníyàrá kojú-sí-mi-kí-n-kojú-sí-ọ, tí fèrèsé kan ṣoṣo wà, ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò jẹ́ òdì kejì, a sì gbọ́dọ̀ ṣí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sí ìta pẹ̀lú.

Irú fèrèsé tún ṣe pàtàkì. Lúfà àtijọ́ ń ṣí tán pátápátá. Fèrèsé gíláàsì tí à ń tì lọ tì bọ̀, tí àwọn kọ́lékọ́lé fẹ́ràn nísinsìnyí, kì í ṣí ju ìdajì lọ, ẹni tó bá ń kọ́lé lọ́wọ́ yóò sì ṣe ara rẹ̀ lóore bí ó bá yan èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn. Ihò afẹ́fẹ́ tí àwọn bíríkìlà máa ń fi sílẹ̀ lókè fèrèsé tẹ́lẹ̀ ṣe ànfààní púpọ̀, nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà jáde. Ó dùn mí bí a ṣe ń fi pí-ó-pí bo wọ́n mọ́lẹ̀ kí pálọ̀ lè dára lójú. Ní ìlú Lima ní orílẹ̀-èdè Peru, àwọn oníṣègùn wọn afẹ́fẹ́ inú àwọn ilé ìwòsàn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Àwọn wọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé wọn ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́ ju àwọn tó ń lo ẹ̀rọ lọ, àwọn ilé àtijọ́ tí àjà wọn ga, tí fèrèsé wọn sì tóbi, ló ṣe dáadáa jù lọ.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí ibà kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tú u, kí ẹ gbé e sójú oòrùn, kí ẹ sì wò ó. Nígbà tí mo tú tiwa lẹ́yìn ọyẹ́, àwọn ihò rẹ̀ ti dí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí ojú ọ̀run láti inú rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, omi àkọ́kọ́ pọ́n bí omi amọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì da omi nù kó tó mọ́. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kí ẹ tó ṣí fèrèsé, ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà, ti yín àti ti aládùúgbò. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì tí kò ní òórùn tó sì ń pani. Ó kéré tán, kó jìnnà sí fèrèsé tó mítà mẹ́fà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ti ẹ̀gbẹ́ yẹn pa, kí ẹ wá ọ̀nà mìíràn, tàbí kí ẹ ṣèpàdé láìtan jẹnẹrétọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ fáànù sí ìta

Fáànù àjà ń da afẹ́fẹ́ pọ̀ lásán ni. Kì í lé nǹkan kan jáde. AC tí à ń kọ́ mọ́ ògiri náà ń fa afẹ́fẹ́ yàrá, ó ń mú un tutù, ó sì ń dá a padà sínú yàrá kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ń mú afẹ́fẹ́ wá láti ìta nítorí pé apá rẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé, bẹ́ẹ̀ gáàsì tó ń tutù nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín apá méjèèjì.

Ẹ gbé fáànù onídùúró sí iwájú fèrèsé tí tùràrí fi hàn pé afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ní nǹkan bí ìdajì mítà sí i, kí ẹ sì kọ ojú rẹ̀ síta. Ojú àwọn ènìyàn máa ń ranjú sí mi tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n rò pé mo ń fi iná ṣòfò, ṣùgbọ́n bí ó ti ń tì í jáde ni afẹ́fẹ́ tuntun ń rọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kejì wọlé. Ẹ má jẹ́ kí fáànù fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wúkọ́ sí ojú àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀. Ní ti àwọn àgbà tí òtútù ń mú, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ bọ̀wọ̀, ẹ sọ pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé àga yín kúrò lójú atẹ́gùn yìí,” kí ẹ sì fún wọn ní aṣọ ìbora. Fèrèsé yóò wà ní ṣíṣí, ara wọn yóò sì móoru.

Tí ẹ bá fẹ́ lo AC nítorí ooru oṣù Ẹrẹ̀nà, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n kí fèrèsé méjì tó kọjú síra wọn ṣí ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, kí gbogbo ènìyàn sì jáde síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín ìpàdé, nígbà tí ohun gbogbo bá ṣí sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí agbára bá wà, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ka CO2

Èémí tí à ń mí síta kún fún gáàsì tí wọ́n ń kọ ní CO2, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. CO2 tó wà nínú afẹ́fẹ́ ìta kò ju nǹkan bí ìdá 420 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Nítorí náà, bí nọ́ńbà náà bá ń gòkè nínú yàrá tí kò sí sítóòfù tàbí ààrò níbẹ̀, èémí ara wa ni à ń tún mí. Ogún ènìyàn nínú pálọ̀ wa, bí gbogbo rẹ̀ bá tì pa, yóò gbé nọ́ńbà náà sókè ní nǹkan bí 1,000 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí afẹ́fẹ́ tuntun bá wọlé tó lítà 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò ní ju nǹkan bí 900 lọ.

Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan wà lọ́jà tí kì í wọn CO2 rárá, òórùn ni wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n fi ń méfò nọ́ńbà. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ NDIR sí lára, ìyẹn èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn CO2 gan-an. Ẹ gbé e síta fún ogún ìṣẹ́jú, ó yẹ kó wà nítòsí 420. Ẹ mí sí i lára, ó yẹ kó fò kọjá 2,000. Ẹ fọ́n lọ́fínńdà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí nọ́ńbà náà bá fò nítorí lọ́fínńdà, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Nígbà ìpàdé, ẹ gbé e sí ibi tó ga tó orí ẹni tó jókòó, kó jìnnà sí fèrèsé àti sí ẹnu ènìyàn. Lábẹ́ 800, ọkàn yín lè balẹ̀. Bí ó bá kọjá 1,000, ẹ ṣí nǹkan mìíràn. Bí ó bá dé 1,500, ẹ dìde, kí ẹ jáde síta.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ gbé orin lọ sábẹ́ igi

Ní oṣù Ẹrẹ̀nà ọdún 2020, akọrin 61 jókòó ṣe ìdánrawò fún wákàtí méjì àbọ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan nínú wọn ní àmì àìsàn. Kò pẹ́ tí ènìyàn 53 fi ní kòrónà, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn àti àwọn tí àmì àìsàn wọn jọ ọ́, méjì nínú wọn sì kú. Orin kíkọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àdúrà tó ń dún sókè náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí igi máńgòrò tàbí bàráńdà bá wà, ẹ kọ orin níbẹ̀, kí ẹ tó wọlé wá ṣírò owó. Àwa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn wa sì ń jáde dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú eruku wá

Èyí ló ṣòro jù, nítorí eruku ọyẹ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró níbi. Ní ọjọ́ tí eruku bá bo ojú ọ̀run, ẹ dín iye ènìyàn àti wákàtí ìpàdé kù, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn àti gúúsù ju ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ lọ, kí ẹ sì lo ẹ̀rọ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ bí owó bá wà. Kí àsẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ HEPA, èyí tó ń mú ó kéré tán 99.97 nínú ọgọ́rùn-ún èérún tó jẹ́ 0.3 máíkírọ́ọ̀nù, kí ẹ sì wo nọ́ńbà CADR ara páálí rẹ̀, ìyẹn iye afẹ́fẹ́ mímọ́ tó ń tú jáde: 300 kúbíkì mítà ní wákàtí kan yóò sẹ́ afẹ́fẹ́ pálọ̀ wa ní ìgbà márùn-ún. Ínfátà lè gbé e, nítorí kì í jẹ iná bí AC. Kò lè dín CO2 kù, ẹ má sì ra èyí tó ń tú ósóònù jáde, gáàsì tó ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró níbi. Iná UV tí wọ́n ń lò láti pa kòkòrò ní ilé ìwòsàn kì í ṣe ohun tí a ń gbé kọ́ sí pálọ̀. Ó ń ba ojú àti awọ jẹ́.

Ní ti ilẹ̀, ẹ ká rọ́ọ̀gì kúrò ní ìgbà ọyẹ́. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀, bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe, tàbí kí ẹ fi mọ́ọ̀pù tútù nu ún ní wákàtí kan ṣáájú ìpàdé, má ṣe jẹ́ ìgbà tí ènìyàn ti ń jókòó. Ẹ sá ẹní, tìmùtìmù àti ẹní ìkírun sójú oòrùn gbígbóná.

Bí ẹnì kan bá ń wúkọ́

Ẹ sọ fún un pẹ̀lú ìfẹ́ kó jókòó sílé, kí ẹ sì fi ìròyìn ìpàdé ránṣẹ́ sí i. Bí ó bá di dandan kó wá, kó lo ìbòmú àwọn oníṣègùn, kó jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le tàbí tó ń tọ́jú aláìsàn yóò rí ààbò tó dájú jù nínú ìbòmú N95 tó fún mọ́ imú. Ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba, oṣù mẹ́fà sì ni wọ́n sábà máa ń lò ó.

Àrùn lọ́rùnlọ́rùn, tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, yàtọ̀ díẹ̀. Itọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ láti ibi tó súnmọ́ra ló ń gbé e, ogunlọ́gọ̀ nínú yàrá kékeré ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ń ràn án lọ́wọ́. Ní ọdún 2017 ó pa ènìyàn tó lé ní 1,100 ní Nàìjíríà, Zamfara ló sì kàn jù. Fèrèsé ṣíṣí nìkan kò tó fún un. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo Men5CV, abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun fún àrùn yìí, ní ọdún 2024. Bí wọ́n bá gbé e dé àdúgbò yín, ẹ mú àwọn ọmọ lọ. Ibà líle, orí fífọ́ àti ọrùn tó gan kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú láìdé ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn tí èrò bá ti lọ

Ẹ má ti ilẹ̀kùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń pààrọ̀ ní ìgbà 12 láàárín wákàtí kan, ó gbà tó ìṣẹ́jú 23 kí ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú rẹ̀ tó jáde. Bí ó bá jẹ́ ìgbà mẹ́fà, ìṣẹ́jú 46. Bí ó bá jẹ́ ìgbà méjì péré, ó lé ní wákàtí méjì. Kí fáànù tó kọjú síta máa ṣiṣẹ́ lọ ní gbogbo àkókò yẹn, pàápàá bí àwọn ọmọ ilé bá máa sùn nínú pálọ̀ náà lálẹ́.

Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Igbe, ẹ tún tan tùràrí. Láti àríwá-ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́, láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ òjò ti ń wá, nítorí náà fèrèsé tí ẹ kọ sílẹ̀ pé ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé lè ti di èyí tó ń tú u jáde, ibi tí ẹ gbé fáànù sí yóò sì yí padà.